Òrùlé Tó Sọnù Nínú Ìwé Ìròyìn

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pinnu pé ìròyìn gbọ́dọ̀ máa kí èèyàn kú oríire. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Adó, ìwé ìròyìn tí bàbá mi máa ń rà kì í kí ẹnikẹ́ni. Yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, yóò sì dákẹ́. Bí afárá bá wó, ó wó náà nìyẹn. Ìkíni ní ojú ewé tirẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n á fa ìlà dúdú yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún ìròyìn. Ní báyìí, ìwé ìròyìn ń ki èèyàn bí ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu ọ̀nà ilé olówó, ó sì ń pe ìyẹn ní iṣẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo bá wọn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ girama wá bá mi nílé ní Òkè-Ìlá. Ó ti di olùtẹ̀jáde. Ó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Adó níbí, ó sì fẹ́ kí n máa bá òun wo èdè inú rẹ̀.

"Àmì ohùn ló ń dà wá láàmú, Mà," ló wí. "Ẹ kàn máa bá wa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Kò le rárá."

Ẹni tó bá rò pé àmì ohùn nìkan ni èdè, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rò pé kóòtù dúdú tí lọ́yà ń wọ̀ ni òfin. Ṣùgbọ́n ilé ti dá fún mi. Àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn, bàbá wọn ti lọ, mo sì ti ka gbogbo ohun tó wà nílé tán. Mo ní màá wá.

Ọ́fíìsì wọn wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn apakòkòrò fún àwọn àgbẹ̀, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Òórùn oògùn náà máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa. Ojú ewé àkọ́kọ́ kì í ní ju àwòrán kan lọ: ọkùnrin kan tó wọ agbádá, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ gan-an lọ. Lókè rẹ̀ ni wọ́n á kọ àkọlé gàdàgbà pẹ̀lú àwọ̀ pupa: "Ó Ti Ṣẹlẹ̀ O!" tàbí "Ẹ Wá Wo Nǹkan!" Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni ká wá wò? Iṣẹ́ àkọlé ni kó sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún wa. Ti àwọn wọ̀nyí, ńṣe ló ń fi í pamọ́.

Ní kíláàsì, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ irú àròkọ tí wọ́n fẹ́ kọ. Àròkọ oníròyìn ní ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́tà ní tirẹ̀, àròkọ alárìíyànjiyàn náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan ni mo fi ń sọ ọ́. Àdéhùn ni irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ jẹ́ láàárín òun àti ẹni tó máa kà á. Bí mo bá pe nǹkan ní ìròyìn, mo ti ṣèlérí fún ọ pé ó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá pè é ní oríkì, ìwọ náà mọ̀ pé kò yẹ kí o wá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó ń pe akéwì ní òpùrọ́ torí pé ó pe ọkùnrin kúkúrú ní erin. Àmọ́ bí o bá wọ aṣọ ìròyìn fún oríkì, tí o wá gbé e jókòó sójú ewé àkọ́kọ́, ìwọ ti da àdéhùn. Olùtẹ̀jáde mi wà ní kíláàsì tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Iwájú ló máa ń jókòó sí pàápàá.

Mi ò ní kí nǹkan má yí padà o. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ náà máa ń to ewì, ìtàn àròsọ, ìwàásù àti iye owó kòkó pọ̀ sójú ewé kan, kò sì sí ẹni tó ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Àpapọ̀ kọ́ ló ń bí mi nínú. Ìbòjú ni.

Obìnrin kan wà lọ́fíìsì yẹn, ọmọ Ìjan, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jáde lọ wá ìròyìn. Àwọn yòókù máa ń jókòó de ẹni tó bá gbé ìròyìn wá pẹ̀lú àpòòwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ìjì kan jà lágbègbè Ìjan, ó sì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì nígbà tó ṣí. Bí obìnrin yìí ṣe gbọ́ báyìí, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ó bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀, ó bá ìyá ọmọ tí apá rẹ̀ dá sọ̀rọ̀, ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ wo ibi tí òrùlé náà balẹ̀ sí. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó sì kọ ọ́.

Bí ìròyìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjan lọ́sàn-án Ọjọ́rú, apá ọmọ kan sì dá." Ẹ wò ó. Ẹni tí kò bá ka ìlà kejì pàápàá ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí, pé: "Mo ní kí wọ́n wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀rù ń bà mí ju àwọn ọmọ lọ, mi ò kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni." Ó tún kọ ọ́ pé igi tó wà lábẹ́ òrùlé náà ti jẹrà tipẹ́, pé wọ́n ti kígbe rẹ̀ títí, àti pé ìjọ Àládùúrà kan tó wà nítòsí ti yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí àwọn ọmọ máa kàwé níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ kàn ni ibi tó ti kọ "ulé" bí a ṣe ń pè é nílé, tí mo sọ ọ́ di "ilé". Mo gbé e fún ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà, mo sì lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin alágbádá kan ló wà níwájú rẹ̀. Àkọlé ni: "Ìdùnnú Ṣubú Lu Ayọ̀ Lójú Ọ̀nà Ìjan!" Mo dúró síbi tí wọ́n ti ń tà á, mo kà á tán lórí ìdúró. Ọkùnrin náà jẹ́ olóṣèlú kan tó fẹ́ díje, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa fún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ní páànù. Ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, ó sọ bí ó ṣe jẹ́ ẹlẹ́yinjú àánú, ó pè é ní àgbà ọ̀jẹ̀ àti ìràwọ̀ tó ń tàn. Ìgbà tí mo dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn ni mo tó rí "ìjì kékeré kan". Apá ọmọ kò sí níbẹ̀. Igi jíjẹrà kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ o, ó ní: "A ò mọ bí a ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá wa yìí." Orúkọ obìnrin tó gun ọ̀kadà wá wà lókè gbogbo rẹ̀, pé òun ló kọ ọ́.

Mo bá a lọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé. Ó jókòó síbi tábìlì rẹ̀, kò tan kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn pè mí, Mà," ló wí. "Ó ní ṣé òun ni mo bá sọ̀rọ̀ ni àbí ẹlòmíràn. Ó ní ìyá ọmọ yẹn wá bá òun, tó ń béèrè pé kí lòun fi ń dúpẹ́ nígbà tí apá ọmọ náà ṣì wú."

"Kí lo sọ fún un?"

"Kí ni màá sọ? Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Mo wọlé tọ olùtẹ̀jáde lọ. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kí n jókòó. Mi ò jókòó.

"Òrùlé yẹn dà?" ni mo bi í.

"Òrùlé wo, Mà?"

"Èyí tó ṣí."

"Ó wà níbẹ̀, Mà. Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn."

"Ìjì kékeré lo pè é. Apá ọmọ dá, o ní àwọn èèyàn ń yọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn ọmọ fi ń gba àgbàlagbà níyànjú. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àsìkò ti yí padà. Kó tó di pé a tẹ ìròyìn, fóònù ti gbé e yí gbogbo Èkìtì po. Àwọn tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn kọ́ ló ń ra ìwé wa mọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń rà á. Bí àwòrán èèyàn bá wà níbẹ̀, á ra púpọ̀, á pín in fún ẹbí, á fi ọ̀kan kọ́ sí pálọ̀. Ọkùnrin yìí ló fowó gba ojú ewé yẹn lọ́wọ́ wa."

"Kí ló dé tí o kò wá pè é ní ìwé ìkíni? Kí ló dé tí o ṣì ń pè é ní ìwé ìròyìn?"

Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Orúkọ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún, Mà."

Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn, gbólóhùn òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń lọ sílé. Nínú gbogbo ìwé ìròyìn yẹn, ojú ewé kan ṣoṣo ló kù tí ẹ̀tàn kò tíì wọ̀. Ojú ewé ìkéde kékeré ni, níbi tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ relé ọkọ ti ń sọ orúkọ tuntun tó ń jẹ́, tí ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sọnù ti ń kìlọ̀ fún aráyé, tí ẹlòmíràn ń sọ pé ilé òun kì í ṣe títà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Kò sí ẹni tó ń ṣe ẹlẹ́yinjú àánú níbẹ̀. Olùtẹ̀jáde kì í sì í wò ó, torí kò sí àwòrán níbẹ̀.

Mo pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo sì ka ohun tí mo kọ sí i létí. Ẹ̀rín pa á.

"Ẹ fi síbẹ̀, Mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé páànù tó ṣèlérí kò tíì dé."

Mo fi kún un. Mi ò sọ fún obìnrin akọ̀ròyìn wa, kí wọ́n má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Mo gbé ìkéde mi lọ bá ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀, mo sanwó bí oníbàárà yòókù, ó sì tẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹni tó yí orúkọ padà àti ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ sọnù. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"OHUN TÓ SỌNÙ. A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ará ìlú pé òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjan sọnù nínú ìjì lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó sì tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì nínú ìwé ìròyìn yìí. Apá ọmọ kan tó dá lọ́jọ́ náà sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Páànù tí wọ́n ṣèlérí kò tíì dé. Ẹnikẹ́ni tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà fún àwọn ọmọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kàwé."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í rà á láéláé, tó jẹ́ pé ìdúró ni wọ́n ti ń ka gbogbo rẹ̀ tí wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ rí i. Ó kà á sókè. Àwọn yòókù ní kó tún un kà. Ẹnìkan yọ fóònù, ó ya àwòrán rẹ̀. Kí n tó rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòmátì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi í ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, ó ní ṣé mo ti rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa.

Wọ́n pe ọ́fíìsì títí. Ẹnìkan ní òun ti rí òrùlé náà, pé ó wà lórí ilé tuntun tí olóṣèlú kan ń kọ́. Obìnrin kan sunkún lórí fóònù torí apá ọmọ. Oníwàásù kan béèrè bóyá kí àwọn gbàdúrà kí òrùlé padà. Gbogbo àwọn tó ti ka "ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀" ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tí wọ́n ṣí i kọjá lọ wo eré bọ́ọ̀lù, ni wọ́n wá ń bínú báyìí. Mi ò ní àánú wọn ju ti olùtẹ̀jáde lọ.

Òun fúnra rẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Ìlá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó ṣì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ti bà mí jẹ́, Mà," ló wí. "Ọkùnrin yẹn pè mí ní àárọ̀ yìí. Ó ní mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

"Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Irọ́ kan wà níbẹ̀?"

Ó wolẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún un, torí mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó wá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti ń dán.

"Ṣùgbọ́n ìwé tà, Mà. Ó tán pátápátá. Ṣé ẹ lè máa kọ irú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? A máa fún yín ní ojú ewé tiyín, pẹ̀lú àwòrán yín. Mo ti bá oníṣòwò páànù kan sọ̀rọ̀, ó fẹ́ gbé ìpolówó rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ń tà."

"Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìkéde ni."

"Orúkọ yòówù tí ẹ bá fẹ́ pè é, Mà."

Mo ti bá ọmọ tí kò mọ nǹkan kan pàdé rí, mo sì máa ń fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkéde àti ẹ̀fẹ̀, tó gba máàkì lórí rẹ̀, tó wá ń sọ pé gbogbo rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan, mi ò ní ẹ̀kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní wá mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ohun tí mo ti ṣe, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí àwọn ìkíni tó ń tẹ̀ sójú ewé rẹ̀. Mo fún un ní omi tútù, ó mu ún, ó lọ.

Olóṣèlú náà gbé páànù wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, pẹ̀lú àwọn tó ń ya àwòrán. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ fún mi bó ṣe lọ. Wọ́n to àwọn ọmọ jọ. Wọ́n ní kí ọmọ tí apá rẹ̀ dá bọ́ síwájú, kí ayé lè rí i pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí wọ́n rí i pé báńdéèjì ṣì wà ní apá rẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán ní kó bá olóṣèlú di páànù kan mú, kí páànù náà lè bo apá ọ̀hún. Àwòrán yẹn ni wọ́n gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Mo rí i. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín.

Páànù náà kò kárí ju ìdajì ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn òbí àtàwọn ọmọ ìjọ Àládùúrà yẹn ló dáwó ra ìyókù, wọ́n sì kàn án fúnra wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin akọ̀ròyìn wa ló mú mi lọ. Àwọn ọkùnrin wà lókè tí wọ́n ń lu ìṣó, àwọn obìnrin ń se usu, bí a ṣe ń pe iṣu nílé, lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ń ṣa ìṣó tó bá já bọ́. Ìyá ọmọ tí apá rẹ̀ dá ló bu oúnjẹ fún mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn rárá, ó kàn ní kí n jẹun dáadáa.

Obìnrin akọ̀ròyìn wa kọ ọ́ bó ṣe rí, olùtẹ̀jáde sì ní kò sí àyè. Kò sí ẹni tó sanwó rẹ̀ ni ìtumọ̀ ìyẹn. Mo bi obìnrin náà léèrè ohun tó ṣì ń ṣe lọ́fíìsì yẹn.

"Mo ní àwọn ọmọ, Mà," ló wí. "Ìkíni ọjọ́ ìbí ni mò ń kọ jù báyìí. Mo ti mọ̀ ọ́n kọ."

Lára gbogbo ohun tí olùtẹ̀jáde yẹn bà jẹ́, èyí ló dùn mí jù.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba ìròyìn tí wọn ò tẹ̀ náà lọ́wọ́ obìnrin akọ̀ròyìn wa, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn òbí ti ń kọjá lọ mú ọmọ wọn. Ó ní wọ́n ń kà á. Ọkùnrin kan wà lára àwọn tó gun òrùlé lọ́jọ́ yẹn, ó dúró kà á tán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé àwòrán òun dà.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé ìròyìn ni.

Ọkùnrin náà kọ họ̀ọ́ù. "Ìròyìn wo wá nìyẹn?"